Bí a ṣe ń pín dúkìá tí tọkọtaya jọ ní nígbà ìkọ̀sílẹ̀

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kó tó kan ilé àti mọ́tò. Bó bá jẹ́ ti ríjísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni ẹjọ́ yín ń lọ, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ọdún 1970. Abala 72 òfin náà fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ ohun tó bá rí pé ó tọ́ lórí dúkìá, fún ọkọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kò sọ pé kí wọ́n dá a sí méjì ọgbọọgba o, bí fíìmù ṣe ń jẹ́ kí a rò. Òfin yìí ò sì kan àwọn tó jẹ́ pé ìdána tàbí yìgì nìkan ni wọ́n ṣe. Kóòtù ìbílẹ̀, bíi ti Mápó n'Ìbàdàn, ni wọ́n sábà máa ń gbé ti ìdána lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ jọ ní sílẹ̀: ilẹ̀, ilé, mọ́tò, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, owó báńkì, owó tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ má fo gbèsè. Bí ẹ bá jọ tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó, ìkọ̀sílẹ̀ ò ní kí báńkì má wá yín wá. Bó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ẹbí ni ọkọ kọ́lé sí, ẹ yà á sọ́tọ̀, torí àwọn mọ̀lẹ́bí máa dá sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ló wá kàn, ibẹ̀ ló sì ti ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀ àti ẹni tó sanwó. Méjèèjì kì í sábà bára mu. Rìsíìtì páànù lè jẹ́ orúkọ Bàbá Ṣadé, kó sì jẹ́ pé inú àkáǹtì Ìyá Ṣadé ni owó ti jáde. Kí Ìyá Ṣadé lọ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù yẹn ní báńkì, kó so ó mọ́ rìsíìtì náà. Ẹni tó fowó ra yanrìn lọ́wọ́ onítípà láìgba ìwé, kó wá birikilà tó ṣiṣẹ́ náà rí, kó lè jẹ́rìí. “Mo dá sí i” nìkan ò tó. Lọ́dún 1992, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbè sẹ́yìn obìnrin kan tó ní òun bá ọkọ òun kọ́ ilé tí ọkọ náà tà, torí kò ṣàlàyé irú ìrànwọ́ tó ṣe àti bó ti pọ̀ tó. Lójú tèmi, ó le jù fún ìyàwó tó ń fi owó ọjà rẹ̀ bọ́ ilé kí ọkọ lè rówó ra símẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ ń béèrè nìyẹn.

Ẹ pe ẹni tó ń fi dídíyelé ilé ṣiṣẹ́. Iye tí ilé ń lọ lónìí ni ẹ ó fi pín, kì í ṣe iye tí ẹ ná sí i nígbà yẹn.

Kí adájọ́ tó pín in fún yín, ẹ gbìyànjú láti jọ sọ ọ́. Ẹ lè tà á pín, ẹnì kan lè san tẹnìkejì, ẹ sì lè kọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Bí ọmọ bá ń lọ síléèwé nítòsí, kí ẹni tó ń tọ́jú wọn san tẹnìkejì ni mo fara mọ́ jù, bí ẹ bá lè dá ọjọ́ tí owó á pé. Kí lọ́yà kọ àdéhùn náà, kí adájọ́ sọ ọ́ di ìdájọ́. Àdéhùn ẹnu níwájú àwọn àgbà ẹbí dára, àmọ́ báńkì ò ní gbà á. Bí ẹ bá sì fura pé ẹnìkejì fẹ́ tà lẹ́yìn yín, ẹ ní kí lọ́yà tètè tọrọ àṣẹ ìdádúró.

Ìdájọ́ nìkan ò pa orúkọ rẹ́ lórí ìwé ilẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn gba ìfọwọ́sí gómìnà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti wí. Ẹ ti àkáǹtì tí ẹ jọ ní pa, ẹ pààrọ̀ orúkọ lórí ìwé mọ́tò, ẹ sì máa lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ títí ìwé tuntun á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́.