Àbẹ̀kẹ́, Kí Lowó Ṣe Ọ́?

Àbẹ̀kẹ́, jókòó. Ojoojúmọ́ lò ń sunkún pé ọjà Balógun ò lérè mọ́, àmọ́ mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ lánàá, mo sì rí ibi tí èrè ń gbà lọ.

Oníbàárà pè láti Ìkòròdú, ó ń wá léèsì aláwọ̀ ewé. O rán alábàárù sí ilé ìkẹ́rùsí ní Ìdúmọ̀tà kó lọ gbé oríṣi mẹ́ta wá. O yà wọ́n ní fọ́tò, oníbàárà ní kì í ṣe irú ewé yẹn. Alábàárù tún gbé wọn padà. O sanwó àlọ, o sanwó àbọ̀, o ò ta nǹkan kan. Kí lowó ṣe ọ́, ọmọ mi? Ṣé o ò lè ya ọjà ní fọ́tò lọ́jọ́ tó bá wọlé ni? WhatsApp àwọn oníṣòwò ti wà láti 2018, ọ̀fẹ́ ni. To aṣọ rẹ síbẹ̀, kọ iye yáàdì àti iye owó sábẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kó o ti yà á o, iná ṣọ́ọ̀bù yẹn ń sọ ewé di búlúù.

Kútọnu tó ò ń sáré lọ ńkọ́? Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, lítà kan tí kò tó 200 náírà di 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ti gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ látìgbà náà. O ṣì ń wọkọ̀ kọjá Sẹ̀mẹ̀ torí kó o lè fojú rí aṣọ! Ẹni tó o ti ń bá rajà tipẹ́, pè é lórí fídíò, ní kó na aṣọ náà síta gbangba kó o wò ó.

Ìgbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, alágbo pàápàá ń gba tíránsífà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n fi ránṣẹ́, o ò kàn mọ̀ ọ́n ṣírò. Owó tó bá ti tó 10,000, 50 náírà ń kúrò lórí rẹ̀. Tó o bá pín 60,000 sí ọ̀nà mẹ́ta, 50 ti di 150. Fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹnì kan bá sì ní òun ti sanwó fún ọ, àkáǹtì tìrẹ ni kó o wò, má wo fóònù tiẹ̀. Gbájúẹ̀ pọ̀ l'Ékòó.

Ìwé gbèsè rẹ ló dùn mí jù. Òróró ti yí i. Mo rí “Ìyá Ìbejì, 45” níbẹ̀. Ṣé 45,000 ni àbí yáàdì 45? Ìwọ alára ò mọ̀! Kọ ọ́ sórí fóònù pẹ̀lú déètì, kó o sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè lójú ẹsẹ̀, kó má bàa sí àríyànjiyàn.

Má wá torí ọ̀rọ̀ mi lé ọmọ alábàárù yẹn o. Ìrìn òfo ni mo ní kó o dín kù, mi ò ní kó o gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ọjà tó bá ti tà ni kó máa gbé.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbé fóònù àti ìwé yẹn wá bá mi ní Ìdúmágbò. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì la máa kọ́kọ́ yanjú.