Ohun Tí À Ń Wá Lọ sí Sókótó

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ jókòó síbi ìpàdé ẹgbẹ́ èyíkéyìí ní Abúlé Adó ní Èkó, ì báà jẹ́ ti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn télọ̀, ti ọ̀dọ́ tó ń ṣeré orí ìtàgé tàbí ti àwọn onílé àdúgbò, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tó lè gbé nǹkan tuntun wá fún wa." Wọ́n á wá máa ka orúkọ àwọn tó ń gbé Lẹ́kì àti Ìkẹjà. Ọmọkùnrin tó to àga ìpàdé, tó sì ti dá ọgbọ́n sí wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti ń ṣe ségesège láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló jókòó sí. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀, àdúgbò yìí kọ́ ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa jáde. Àdúgbò Festac tó múlé gbe Abúlé Adó, àwọn oníṣẹ́ ọnà ló kọ́kọ́ sùn nínú àwọn ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, olórin, oníjó, òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti òṣèré tó lé ní 15,000 wá sí Èkó láti orílẹ̀-èdè 56 fún àjọ̀dún ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé tí wọ́n ń pè ní FESTAC, èkejì irú rẹ̀ lẹ́yìn ti Dakar lọ́dún 1966. Gbọ̀ngàn ńlá Ìgànmú wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣeré fún aráyé wò, ṣùgbọ́n Festac ni wọ́n ń padà sí láti jẹun, láti sùn, láti gbọ́ ìlù ara wọn. Gilberto Gil, olórin, wá láti Brazil. Nígbà tó rí àwọn ilé náà, ó ní wọ́n rán òun létí èyí tí ìjọba ń kọ́ fún mẹ̀kúnnù nílùú tòun, lọ́dún kan náà ló sì gbé àwo orin Refavela jáde.

Àmọ́ àwọn tó wá ní 1977, ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè wọn ló yàn wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ti lókìkí kí wọ́n tó wọ bàálù. Ẹgbẹ́ tó ń dá ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan jọ lọ́sẹ̀ kò lágbára ìyẹn. Ẹni tí kò tíì lórúkọ ni yóò wá, ìyẹn sì gba ojú inú. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọ, Òṣogbo ló yẹ ká wò.

Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀, òǹkọ̀wé eré, sọ ilé ọtí rẹ̀ níbẹ̀ di ibi eré àti ọnà, wọ́n sì pè é ní Mbari Mbayo. Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wà pẹ̀lú rẹ̀. Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, wá kọ́ àwọn èèyàn ní àwòrán yíyà fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì di 1964, Georgina Beier náà ṣe tirẹ̀. Kò sí ìdánwò àbáwọlé, wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí, wọn kò gbé àwòrán kankan síwájú ẹnikẹ́ni pé kó dà á kọ. Ta wá ló wá? Jimoh Buraimoh ni ẹni tó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Muraina Oyelami ti ṣiṣẹ́ ní ilé epo rí kó tó di òṣèré. Rufus Ogundele, òṣèré lòun náà. Taiwo Olaniyi, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó tẹ̀lé ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn.

Ẹni tó ń tan iná ló wá mú ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe adé ọba, tó tò ó sórí pátákó títí tó fi di àwòrán, òun náà sì ni wọ́n mọ̀ mọ́ irú ọnà yẹn títí dòní. Ẹni tó ti ta epo rí padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ẹni tó ń jó tẹ̀lé olóògùn, UNESCO fún un ní oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà lọ́dún 2005. Àwọn kan ti bẹnu àtẹ́ lu Òṣogbo, wọ́n ní ọwọ́ òyìnbó ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òfo pátápátá, ṣùgbọ́n kò yẹ kó mú wa gbàgbé pé ẹgbẹ́ eré ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, pé ibẹ̀ ni ojú wọn ti là sí oríkì, ìtàn àti aṣọ eré kí wọ́n tó mú búrọ́ṣì.

Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó gbé ìlù dùndún wọ orin Àjíǹde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ sì fajú ro. Ó bá gbé orin rẹ̀ jáde síta. Lára àwọn eré tó wá kọ lẹ́yìn ìyẹn ni Ọba Kòso, tí wọ́n gbé lọ ṣe ní Berlin lọ́dún 1964. Ẹ̀yin olórí akọrin, ẹ rò ó wò: ẹni tí ìjọ náà ìbá wá lọ sí Sókótó, àárín wọn ló jókòó sí.

Báwo wá la ṣe ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀? Ẹ má wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ wo ẹni tó yí nǹkan padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an: ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ tó kó ègé aṣọ tí wọ́n fẹ́ dà nù, tó tò ó mọ́ra, ọmọ akọrin tó ń fi orin ìjọ dápàárá, tí ohùn àpárá náà sì dùn ju orin gan-an lọ, ẹni tó máa ń béèrè pé kí ló dé tí a fi ń ṣe é báyìí. Èyí tó kẹ́yìn yìí, a sábà máa ń pè é ní aláfojúdi. Àwọn míì aláfojúdi ni wọ́n lóòótọ́, kò sí àtinúdá kankan nínú ọ̀rọ̀ wọn ju pé wọ́n fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ọ̀nà tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò le: ẹ ní kó gbé ohun tó ní lọ́kàn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó ní nǹkan á gbé e wá, bó tilẹ̀ jẹ́ ààbọ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan á tún wá sọ̀rọ̀.

Bí a bá ti rí wọn, bí a ó ṣe jẹ́ kí wọ́n mí ló kù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí alága tí kì í pa òwe yìí, àwọn tó ń ṣe é ni kò pọ̀. Nínú ìpàdé tiwa, alága á kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀, bàbá ìsàlẹ̀ á kín in lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ní, "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí lẹ rí sí i?" Kí ni wọ́n tún fẹ́ rí? Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kò ní já àgbà nírọ́ ní gbangba, torí náà, á ní, "Bí Bàbá ṣe wí náà ni." Ìwà ọmọlúàbí ni, kì í ṣe òmùgọ̀. Àgbà tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ọmọ ni kó di ẹnu tirẹ̀ mú títí gbogbo àwọn tó jókòó á fi sọ̀rọ̀ tán.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1953, Alex Osborn, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà, kọ ìwé pé kí àwọn èèyàn kóra jọ, kí wọ́n máa da èrò sílẹ̀ pọ̀ láìsí pé ẹnì kan ń ṣàríwísí ẹnì kejì, pé èrò á pọ̀ sí i. Ìmọ̀ràn rẹ̀ tàn káyé. Lọ́dún 1958, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Yale dán an wò. Wọ́n kó ènìyàn mẹ́rin mẹ́rin jọ láti ronú pọ̀, wọ́n sì ní kí àwọn mìíràn dá ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pa èrò tiwọn pọ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn tó dá ronú ló mú èrò tó pọ̀ jù wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìpàdé, bí ó bá sì ti ń sọ̀rọ̀, èrò àwọn yòókù á máa tẹ̀lé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ dá ronú, kó mú tirẹ̀ wá sí ìpàdé. Ẹni tí ìwé kò yá lọ́wọ́, kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé lórí WhatsApp, ní Yorùbá, ní Ìgbò, ní Ègùn tàbí ní Píjìn. Ní Abúlé Adó, àwọn tó ń dákẹ́ torí pé èdè tí ìpàdé ń sọ kì í ṣe tiwọn pọ̀ ju bí a ti rò lọ.

Kì í ṣe pé ìpàdé kò wúlò. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, ẹlòmíràn ló ń bá a wò ó. Lọ́dún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní Zaria, tí Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya, Uche Okeke àti Demas Nwoko wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, nítorí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọnà ilẹ̀ wọn. Ní Chicago, ẹgbẹ́ AfriCOBRA tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968 máa ń gbé àwòrán wọn wá síwájú ara wọn, wọ́n á sọ ibi tó kù sí fún ara wọn láìfi bò. Jeff Donaldson, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ló kó àwọn ará Amẹ́ríkà wá sí Èkó ní 1977. Nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, olúkúlùkù ti ṣe nǹkan kí wọ́n tó pàdé, wọn kì í wá jókòó lásán.

Àṣìṣe wá ńkọ́? Òyìnbó tó ṣe pẹ́ńsù ló ṣe ìrésà. Ẹgbẹ́ tó ń fi àbùkù kan ọmọ nítorí orin tí kò tíì gún kò ní gbọ́ èkejì lẹ́nu rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù tí ó jẹ́ pé ohun tí kò tíì parí nìkan la ó gbé wá. Ẹ ra bébà, ẹ ra òwú, ẹ san owó dátà, ẹ wá ibi tí wọ́n á jókòó sí tí jẹnẹrétọ̀ kò ti ní di wọ́n létí. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ìyànjú ṣe lè rọ́pò àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ti ẹni tó ń kọ̀ jálẹ̀ ló le jù. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin, wà lára ìgbìmọ̀ tó ń múra sílẹ̀ fún àjọ̀dún 1977. Èrò rẹ̀ àti tiwọn kò bára mu, ó sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí àjọ̀dún ń lọ lọ́wọ́, ó ń ṣeré ní Shrine, gbọ̀ngàn orin tirẹ̀, àwọn olórin tó jẹ́ àlejò sì ń lọ bá a níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn ṣọ́jà dáná sun ilé rẹ̀, Kalakuta. Mi ò ní Fẹlá rọrùn láti bá ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń wí ni pé, àjọ̀dún tó náwó tó bẹ́ẹ̀ pàdánù ẹni tí àwọn àlejò rẹ̀ ń wá kiri. Bí ẹnì kan bá ń bá ètò yín jà nínú ẹgbẹ́, ẹ má lé e, ẹ má sì jẹ́ kó da gbogbo ètò rú. Ẹ ya ìdá kan nínú ètò náà fún un, kó ṣe é bó ṣe wù ú níwájú gbogbo yín.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olórí kì í fẹ́ gbọ́ ló kù, ọ̀rọ̀ orúkọ àti owó. Ní Òṣogbo, olúkúlùkù ló fi orúkọ ara rẹ̀ ta iṣẹ́ rẹ̀. Mbari Mbayo kò gba orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tiwa, ọmọ á dá orin, wọ́n á gbé e jáde ní orúkọ olórí, wọ́n á sì ní ẹgbẹ́ ló ni í. Kí owó tó dé rárá ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀ yìí, torí bí owó bá ti wọlé, ìrántí oníkálukú á yàtọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó mú èrò wá sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ọjọ́ tó mú un wá, kí akọ̀wé kà á sókè, kí àwọn tó kàn fọwọ́ sí i. Ìdá tí ẹgbẹ́ máa mú àti ìdá tí ẹni tó dá a máa mú, ẹ kọ ìyẹn náà sí abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.