Ìju Lára Ẹni Tí Ó Ti Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọmú: Ṣé Dandan Ni Iṣẹ́ Abẹ?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún kan, ìwé ìbéèrè ẹ̀yáwó mẹ́ta ni ó ti dé iwájú ìgbìmọ̀ wa láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí wọ́n ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, tí wọ́n tún wá gbọ́ pé ìju wà nínú ilé ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí á tètè fún wọn lówó, kí wọ́n lọ yọ ilé ọmọ dànù, kí àrùn yẹn má baà padà wá. Ẹ̀rù náà yé wa. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ìju kì í ṣe jẹjẹrẹ, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Ìju, tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbírọ́ìdì, jẹ́ kókó tí ó ń hù lára iṣan ilé ọmọ. Ó wọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé kí obìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tó pé ẹni 50 ọdún, ó ju 80 nínú 100 wọn lọ tí yóò ti ní in. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ní in tí kò dà wọ́n láàmú rárá. Kí jẹjẹrẹ wà nínú ohun tí a pè ní ìju ṣọ̀wọ́n gan-an. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sì í di ìju. Àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì.

Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Èròjà kan wà nínú ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn. Òun ni ó ń bọ́ ìju, òun náà ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú jẹjẹrẹ ọmú. Nítorí náà ni oògùn tí a ń lò fún ọmú fi kan ọ̀rọ̀ ilé ọmọ. Ẹ wo tamoxifen, tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ọdún 5, tí àwọn mìíràn ń lò tó 10. Ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ́sítírójìn ní ọmú, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ilé ọmọ, òun fúnra rẹ̀ a máa ṣe bí ẹ́sítírójìn díẹ̀. Ó lè mú kí ìju tóbi sí i, ó sì lè mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn. Fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá dúró, ó fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ awọ náà. Anastrozole àti letrozole kì í ṣe báyìí. Ṣe ni wọ́n ń dín ẹ́sítírójìn kù. Ẹ wá mọ orúkọ oògùn yín o. Ká máa sọ pé "èyí funfun kékeré yẹn" kò tó.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa náà ń lo tamoxifen. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá dúró láti ọdún méjì, ló bá tún rí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ìju ni, àwọn aládùúgbò náà ní ìju ni, àgbo ìju sì ti wà nílẹ̀. Akápò wa, tí òun náà jẹ́ abiyamọ, ní kí ó kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà tí ó tọ́jú ọmú rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n sì mú díẹ̀ lára awọ ilé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹran kékeré kan tí ó so rọ̀ níbẹ̀ ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n gba ìsàlẹ̀ yọ ọ́, ìju náà ṣì wà níbẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ká ní jẹjẹrẹ ni wọ́n bá níbẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìju. Nítorí náà, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tí ó tún rí ẹ̀jẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, kí wọ́n yẹ awọ náà wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ abẹ. Bákan náà ni bí ìju bá ń tóbi lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa sá fún abẹ. Ìyá kejì, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lóṣooṣù débi pé òòyì ń kọ́ ọ nídìí igbá ata rẹ̀. Òun ti bímọ tán, ó yọ ilé ọmọ, ara sì tù ú. Ẹni tí ó ṣì ń fẹ́ ọmọ lè ní kí wọ́n yọ ìju nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn lè hù. Kí ó sì mọ̀ pé a kì í lóyún lórí tamoxifen. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kù díẹ̀ kó dá, tí ìju kò sì dùn ún, lè ní sùúrù, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà, nítorí ìju sábà máa ń sún kì lẹ́yìn náà. Ti apò ẹyin tún jẹ́ ìbéèrè mìíràn lọ́tọ̀: yíyọ rẹ̀ lè ṣàǹfààní fún àwọn kan tí jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ìdílé wọn, ṣùgbọ́n ó ń mú ooru ara wá, ó sì ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ọmú pamọ́ fún dókítà ìju. Àwọn oògùn kan tí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ìju kù ní ẹ́sítírójìn tàbí irú rẹ̀ nínú, wọn kò sì yẹ ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú. Tamoxifen sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńlá. Dókítà lè ní kí ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Òun ni kí ó sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìyá kẹta kò ì tí ì pinnu. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Láti ìsinsìnyí, ẹni tí ó bá béèrè ẹ̀yáwó fún irú iṣẹ́ abẹ yìí, kí ó so ìwé dókítà ọmú àti ti dókítà ilé ọmọ mọ́ ìwé rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ onídùúró méjì. Bí dókítà bá ní ó jẹ́ kánjúkánjú, ìgbìmọ̀ kò ní dúró de ìpàdé oṣù.