Àìbalẹ̀ Ọkàn àti Oògùn Rẹ̀

Bí ọkùnrin kan bá ń tajà ní ọjà ńlá Onitsha, létí Odò Ọya, tí ọjà rẹ̀ ń tà, síbẹ̀ tí àyà rẹ̀ ń já láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn, tí kò sì rí oorun sùn fún oṣù bíi mélòó kan láìsí ohun tí ó ń lé e, kí ará ilé rẹ̀ má ṣe pè é ní ojo. Àìsàn àìbalẹ̀ ọkàn ni ó ń ṣe é; àìsàn ni a sì ń wò, a kì í wo ikú.

Ọpọlọ, ọba inú agbárí, a-jókòó-sókè-pàṣẹ-fún-gbogbo-ara, ní àwọn ìránṣẹ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́ láti orí iṣan kan dé orí èkejì. Kẹ́míkà ni wọ́n. Nọradrẹ́nálínì a máa ta ara jí nígbà ewu, GABA a máa mú un rọlẹ̀, sẹrotónìnì a sì máa tún ìṣesí ọkàn ṣe. Kì í ṣe àìtó ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ń fa àìsàn yìí: àjogúnbá àti ìpọ́njú ayé ń dá sí i, títí ọpọlọ yóò fi máa kígbe ewu níbi tí ewu kò sí.

Oògùn kan fún àìsàn yìí ni diazepam, tí ayé mọ̀ sí Valium láti ọdún 1963. Ó ń fi agbára kún iṣẹ́ GABA, ara a sì tètè rọ̀. Ṣùgbọ́n ó tètè ń di bárakú. Ẹni tí ó bá fi ọtí lé e lórí, èémí rẹ̀ lè dá. Ẹni tí ó bá sì ti lò ó pẹ́, tí ó já a sílẹ̀ lójijì, gìrì lè gbé e. Àwọn oògùn mìíràn, sertraline àti fluoxetine, ní tiwọn ń jẹ́ kí sẹrotónìnì pẹ́ láàárín iṣan kí ó tó padà sílé. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 ni ó lè gbà kí alára tó mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn a ti dà á nù ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, nítorí pé inú ń rìn wọ́n.

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ; bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn, kì í ṣe ohun tí a ń gbé mì lásán. Ní Onitsha yìí kan náà ni NAFDAC, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti ti ọjà oògùn Head Bridge pa ní ọdún 2007, nígbà tí Dora Akunyili jẹ́ olórí àjọ náà, tí wọ́n sì tún tì í pa ní oṣù kejì ọdún 2025, nítorí ayédèrú oògùn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ra oògùn ọpọlọ. Ẹ tọ dókítà lọ, bí àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Enugu, kí ẹ sì ra oògùn lọ́wọ́ apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ. Ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn pàápàá a máa wo ẹlòmíràn sàn láìlo oògùn kankan.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ GABA nínú ọpọlọ?
2. Èé ṣe tí a kò fi gbọdọ̀ já diazepam sílẹ̀ lójijì?
3. Ta ni ó yẹ kí aláìsàn kọ́kọ́ rí kí ó tó ra oògùn?