Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Ìpinnu Kánsù àti Ìgbé-ayé Àdúgbò Wa

 

Ẹ̀kọ́ tí a óò jọ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó yíyá. Ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀: bí kánsù ṣe ń pinnu ohun tí yóò ṣe ní àdúgbò, àti bí àwa tí a ń gbé àdúgbò náà ṣe lè mú kí ìpinnu náà ṣe wá ní àǹfààní. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ààtàn? Ó kàn wá gan-an. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá yá owó ní oṣù Kẹfà láti fi ra aṣọ sí ìsọ̀, tí gọ́tà sì dí, tí omi òjò wọ ìsọ̀ náà ní oṣù Kẹjọ, aṣọ tirẹ̀ ni ó bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ni ó bá omi lọ. Àwọn tí ó ṣe onídùúró fún un ni yóò sì máa wá owó kiri.

Nígbà tí àjọ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé pàdé ní ìlú Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1995, wọ́n fi ìlànà keje kún àwọn ìlànà tí a ń tẹ̀ lé. Ìlànà náà ni pé kí ẹgbẹ́ máa ro ti àwùjọ tí ó wà nínú rẹ̀. Lórí ìlànà yìí ni a gbé ẹ̀kọ́ òní kà.

1. KÍ NI IṢẸ́ KÁNSÙ?

Ní ọdún 1976 ni ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ní gbogbo Nàìjíríà, tí ó sì sọ ọ́ di ìpele kẹta ìjọba. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 to iṣẹ́ kánsù lẹ́sẹẹsẹ nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀. Lára wọn ni ìwọ̀nyí:

(a) Ṣíṣe àti títún àwọn ọ̀nà àdúgbò ṣe, iná ojú títì, àti gọ́tà.
(b) Kíkó ìdọ̀tí àti pàǹtírí, àti ilé ìyàgbẹ́ fún gbogbo ènìyàn.
(d) Ìtọ́jú ọjà, ibùdókọ̀, odù ẹran àti itẹ́ òkú.
(e) Sísọ òpópónà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sí ara ilé.
(ẹ) Kíkọ orúkọ àwọn tí a bí, àwọn tí ó kú, àti àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó sínú ìwé.
(f) Gbígba owó ilé, àti fífún ìsọ̀, ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì ní ìwé àṣẹ.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, kánsù a máa bá ìjọba ìpínlẹ̀ pín iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà, iṣẹ́ àgbẹ̀, àti ìtọ́jú ìlera.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ìyàtọ̀ yìí. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ti kánsù ni. Títì ńlá tí ó so ìlú kan pọ̀ mọ́ èkejì lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Iná mànàmáná inú ilé kì í ṣe iṣẹ́ kánsù rárá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni kò níyanjú nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ni iṣẹ́ náà ni a gbé e lọ.

2. BÁWO NI ÌPINNU ṢE Ń WÁYÉ?

Kánsù ní apá méjì tí ó ń pinnu. Èkíní ni alága, igbákejì rẹ̀, akọ̀wé àti àwọn alábòójútó ẹ̀ka iṣẹ́ tí alága yàn. Èkejì ni àwọn kánsẹ́lọ̀ tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dìbò fún. Àwọn ni ó ń ṣe òfin kánsù, àwọn ni ó sì ń fi ọwọ́ sí ètò ìnáwó ọdún. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: ẹnjiníà, akápò, wolé-wolé, àwọn nọ́ọ̀sì. Alága lè lọ kí òmíràn dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀ pẹ́, àwọn ni wọ́n sì mọ ibi tí fáìlì wà.

Ohun tí ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ jù lọ níhìn-ín ni àkókò. Iṣẹ́ tí kò sí nínú ètò ìnáwó ọdún ṣòro láti rí owó fún ní àárín ọdún, bí ó ti wù kí ẹ̀bẹ̀ wa dùn tó. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá dúró di ìgbà tí òjò ń rọ̀ kí ó tó kọ ìwé nípa gọ́tà, ó ti pẹ́ jù. Ìgbà tí ó yẹ kí ìwé wa wà lórí tábìlì ni ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò ọdún tí ń bọ̀, ìyẹn ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá.

3. NÍBO NI OWÓ TI Ń WÁ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni owó tí ó ń ti àpò ìjọba àpapọ̀ wá. Èyí ni ó pọ̀ jù fún kánsù púpọ̀. Èkejì ni ìdá kan nínú owó tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ rí. Ẹ̀kẹta ni owó tí kánsù ń gbà lọ́wọ́ wa: owó ìsọ̀, owó ọjà, owó ilé, owó ìwé àṣẹ.

Ìwé òfin 1999 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì àpapọ̀ kan tí owó kánsù yóò máa gbà kọjá. Orí àkáǹtì yìí ni àríyànjiyàn ti pọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti di owó kánsù mú tàbí láti ná an, pé kí a máa san án fún kánsù tààrà, àti pé kánsù tí aráàlú kò dìbò yàn kò yẹ ní ẹni tí à ń san owó náà fún. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi etí sí ohun tí ìdájọ́ kò lè ṣe: kò lè sọ fún alága pé gọ́tà báyìí ni kí ó kọ́kọ́ tún ṣe. Àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà ni yóò sọ ọ́. Bí owó bá sì súnmọ́ ilé, ó yẹ kí ojú tí ń ṣọ́ ọ náà súnmọ́ ọn.

4. ÀPẸẸRẸ LÁTI ÌLÚ ÌBÀDÀN

Títí di ọdún 1991, kánsù kan ṣoṣo ni ó ń ṣe àkóso àárín ìlú Ìbàdàn. Ní ọdún náà ni wọ́n pín in sí márùn-ún: Àríwá, Àríwá Ìlà-oòrùn, Àríwá Ìwọ̀-oòrùn, Gúúsù Ìlà-oòrùn àti Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,338,659 ni a kà nínú márààrún. Pípín yìí mú kánsù súnmọ́ aráàlú, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro kan wá: omi kò mọ ààlà kánsù.

Ẹ wo odò Ògùnpa. Apá àríwá ìlú ni ó ti ń sọ̀kalẹ̀, tí ó gba ẹ̀bá Agodi àti àárín ọjà kọjá lọ sí apá gúúsù. Pàǹtírí tí wọ́n dà sínú rẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ni ó ti ń di ìjàǹbá. Ní ọdún 1978 odò yìí ya wọ ìlú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, ó tún ya, ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn odò kún, afárá wó, ẹ̀mí tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì tún ṣòfò. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fi ọwọ́ sí owó yíyá mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní ìlú náà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní: iṣẹ́ odò ńlá kọjá agbára kánsù kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ṣùgbọ́n t'àgbàlagbà náà kò wọ kèrègbè: ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó gba owó báǹkì kò lè wá gbá gọ́tà ojúlé kọ̀ọ̀kan. Bí gọ́tà kékeré kò bá gba omi dé odò ńlá, tàbí tí ó bá jẹ́ pàǹtírí ni ó ń gbé lọ, owó ńlá náà yóò ṣòfò. Èkejì: ẹgbẹ́ tí ó wà ní kánsù ìsàlẹ̀ odò kò lè bá kánsù tirẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ tí ó wà lókè odò ṣe pọ̀. Àǹfààní tí àjọ àpapọ̀ wa ní nìyí. Kánsù márùn-ún lè yàtọ̀ síra, àjọ àpapọ̀ kan ṣoṣo ni a wà.

5. KÍ NI ẸGBẸ́ LÈ ṢE?

(a) Kí a ka ohun tí ó wà. Kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò rin àdúgbò, tí yóò kọ iye gọ́tà tí ó dí sílẹ̀, iye ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí omi wọ̀ lọ́dún tí ó kọjá, àti iye owó tí ó bá a lọ. Iye a máa sọ̀rọ̀ ju ẹkún lọ.

(b) Kí a kọ ìwé kan, lórí ọ̀rọ̀ kan. Kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù àti ẹnjiníà kánsù. Kí a gba òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà tí a óò mú padà, kí a sì fi pamọ́.

(d) Kí a bèèrè. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láì sọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi fèsì. Ẹni tí ó bá kọ̀ láìtọ́ lè san ìtanràn ₦500,000. Ní ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin yìí de gbogbo ìpele ìjọba. A lè bèèrè iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà wọ́ọ̀dù wa, àti agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

(e) Kí a ṣe ipa tiwa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò níí jẹ́ kí a sùn lóru. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ń da ilẹ̀ sí gọ́tà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó bá a wí. Kí a san owó kánsù tí ó tọ́, kí a sì gba rìsíìtì.

(ẹ) Kí a ṣọ́ra lórí fífi owó ẹgbẹ́ ṣe iṣẹ́ kánsù. Ó dára kí a kó ara wa jọ láti kó gọ́tà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi owó àjẹṣẹ́kù ṣe afárá àti ọ̀nà lọ́dọọdún, a ti san owó lẹ́ẹ̀mejì, kánsù yóò sì gbàgbé pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá di dandan kí a ṣe é, kí ìpàdé gbogbogbòò fi ọwọ́ sí i, kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì fi ìwé sọ fún kánsù ohun tí a bá a ṣe.

(f) Kí a má sọ ẹgbẹ́ di ti òṣèlú. Ọmọ ẹgbẹ́ lè dìbò fún ẹni tí ó wù ú, ó sì yẹ kí ó dìbò. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹgbẹ́ bá kọ sí alága tí ó wà níbẹ̀ lónìí, irú rẹ̀ náà ni kí ó lè kọ sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́la.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹnì kan tí ó lọ sí kánsù, aráàlú kan ni. Ọgọ́fà ọmọ ẹgbẹ́ tí ó fi ìwé kan ránṣẹ́, tí ó ní iye, tí ó ní ọjọ́, tí ó ní òǹtẹ̀, àdúgbò ni wọ́n.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Wọ́ọ̀dù wo ni ẹgbẹ́ wa wà, ta sì ni kánsẹ́lọ̀ wa?
2. Nínú àwọn ìṣòro àdúgbò wa, èwo ni ti kánsù, èwo ni ti ìpínlẹ̀, èwo ni tiwa fúnra wa?
3. Mélòó nínú owó tí a yá ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dún tí ó kọjá ni kò padà dé lásìkò nítorí omi, ìdọ̀tí tàbí ọ̀nà tí kò dára?
4. Níbo ni gọ́tà wa ti ń gba omi, ọ̀dọ̀ ta ni ó sì ń gbé e lọ? Ẹgbẹ́ wo ni ó wà níbẹ̀?
5. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wo ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí ó wọ ètò ìnáwó kánsù lọ́dún tí ń bọ̀? Ta ni yóò kọ ìwé rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò sì parí rẹ̀?

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé, kí ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àjọ àpapọ̀, kí a lè mọ àwọn ẹgbẹ́ tí odò kan náà so pọ̀.