Ilé-Ìwé Kékeré, Owó Kékeré: Ṣé Kí A Dà Wọ́n Pọ̀ Ni?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín: okun o! Báyìí ni a ṣe ń kí ara wa ní Ìkòyí ní ilẹ̀ Ìjùmú, ìkíni yìí náà ni ó sì di orúkọ fún gbogbo àwa Yorùbá agbègbè Kàbà. Kókó ọ̀rọ̀ mi nínú àròkọ yìí ni àtúntò àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kéékèèké ní ìgbèríko nígbà tí owó ìjọba ìbílẹ̀ kò bá tó. Mo fẹ́ wo orísun ìṣòro náà, kí n wo ohun tí wọ́n ṣe sí i níbòmíràn, kí n sì sọ èrò tèmi.

Ohun tí ojú mi rí

Ilé-ìwé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní abúlé ìyá mi ní kíláàsì mẹ́fà, ṣùgbọ́n olùkọ́ mẹ́ta péré ni ó ní. Kíláàsì méjì méjì ni ó ń jókòó pọ̀ nínú yàrá kan. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ apá kan ní ìṣirò, apá kejì á máa da ìwé kọ. Nígbà tí ó yá, a gbọ́ pé wọn yóò ti ilé-ìwé wa pa, kí a máa lọ sí èyí tí ó tóbi ní abúlé kejì. Odò kan wà láàárín. Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ ń lọ. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò lè lọ. Ìyá wa ní kí ó dúró títí yóò fi gbójú. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó wọ kíláàsì kìíní. Ọdún mẹ́ta tí ó sọnù yìí kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ta ni ó ń sanwó?

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwa Okun kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé abẹ́ Àríwá ni wọ́n pín wa sí. Àwọn ìjọ Kristẹni àti àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó kọ́ púpọ̀ nínú ilé-ìwé wa, ìdí sì nìyí tí abúlé fi máa ń ka ilé-ìwé rẹ̀ sí ohun-ìní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Ọmọ pọ̀ lójijì, olùkọ́ kò sì tó.

Láti ìgbà náà ni ẹrù yìí ti ń bọ́ láti orí ẹnì kan sí orí ẹlòmíràn. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1991, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, wọ́n tú àjọ náà ká, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1993, wọ́n tún dá àjọ náà padà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kópa nínú pípèsè àti títọ́jú ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó tún ní kí ìpín ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò kan tí ó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa san ìpín náà tààrà.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 mú owó mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, bí ìpínlẹ̀ bá lè mú tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ilé kíkọ́, ìwé, ohun-èlò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni wọ́n ń fi owó yìí ṣe. A kò lè fi san owó oṣù. Nítorí náà ni a ṣe lè rí ilé tuntun tí a kùn ní ọ̀dà, tí kò sí olùkọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ìṣirò náà

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa fẹ́ olùkọ́ 1 sí ọmọ 35. Ká sọ pé abúlé kan ní ọmọ 48. Olùkọ́ 2 ni ó tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n kíláàsì 6 ni wọ́n ní. Bí a bá fún wọn ní olùkọ́ 6, ọmọ 8 péré ni yóò kan olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ tí owó rẹ̀ ń jó àjórẹ̀yìn kò lè ṣe kí ojú rẹ̀ má wọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pè é ní ìkà. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò ka odò, kò ka ẹsẹ̀ ọmọdé, kò sì ka iṣẹ́ oko.

Àpẹẹrẹ láti Wales

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Wales, ní Bìrìtéènì, àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ti ti ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìgbèríko pa nítorí owó. Àwọn ará ibẹ̀ ní èdè tiwọn tí ó yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé abúlé sì wà lára ohun tí ó gbé èdè náà ró. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìlànà ìjọba wọn ní kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ gbà pé kò yẹ kí a ti ilé-ìwé ìgbèríko pa. Wọ́n ṣì lè tì í, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà mìíràn wò, bíi kí ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta wà lábẹ́ àkóso kan, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu òbí, olùkọ́ àti àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kan àwa náà. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í rẹ̀yìn. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tí ó fẹ́ kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè Okun, tí ó sì wà nítòsí ilé ọmọ, kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré.

Èrò tèmi

Mo gbà pé ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ kò lè dá dúró. Ní ti àwọn yòókù, mo dá àbá mẹ́rin:

1. Kí kíláàsì kìíní sí ìkẹta dúró ní abúlé. Kí àwọn àgbà ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé ńlá.
2. Kí ilé-ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ọ̀gá kan ṣoṣo, kí owó ọ̀gá tí ó kù di owó olùkọ́.
3. Kí a kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀. Wọ́n ti ń ṣe é ní ìgbèríko Colombia láti bí ọdún 1975. Ká ní olùkọ́ mi mọ̀ ọ́n ni, n kì bá tí fi ìdajì ọjọ́ da ìwé kọ.
4. Kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá ti ilé-ìwé pa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ọ̀nà náà nígbà òjò, kí ó sì jókòó ti àwọn òbí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá lọ fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa dé ilé-ìwé abúlé rẹ̀, kí ó ka ọmọ, kí ó ka olùkọ́, kí ó sì bèèrè àwọn tí kò wá. Bí a bá mọ iye wọn, a ó lè bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́. Okun o!