Ká Dúró ni, àbí Ká Lọ? Ìtọ́sọ́nà fún Nọ́ọ̀sì Tí Ibi Iṣẹ́ Ti Sú

Àárọ̀ tí ẹ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ dá gbogbo wọ́ọ̀dù tọ́jú, kọ́ ni àárọ̀ tó yẹ kí ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ sùn ná, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìsinmi kan kọjá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì wà lọ́kàn yín, ẹ wá jókòó tì í.

1. Ẹ wá ohun tó ń lé yín

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹ bá ti parí ṣíìfù, ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tó dùn yín jù lọ́jọ́ náà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á látòkè délẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan náà ló ń jáde ṣáá, wọ́ọ̀dù ló yẹ kí ẹ kúrò, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ owó oṣù tó ń pẹ́, òṣìṣẹ́ tí kò tó, ìbọ̀wọ́ tí kò sí, ilé ìwòsàn ni. Bó bá sì jẹ́ pé ìtọ́jú aláìsàn gan-an ni kò wù yín mọ́, ṣíṣí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní wo ìyẹn sàn. Ẹ wo ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tàbí ọ́fíìsì àwọn adójútòfò ìlera.

2. Ẹ béèrè kí ẹ tó bínú lọ

Ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, wọ́ọ̀dù pọ̀, èèyàn lè béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí òmíràn. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì. Lẹ́tà tó kàn ní "iṣẹ́ pọ̀" kì í rìn jìnnà. Ẹ kọ ọjọ́, iye aláìsàn àti iye nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́, kí ẹ sì fi tó NANNM, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, létí. Ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré, dókítà tó ni ín ló láṣẹ: ẹ lọ bá a lójúkojú. Ẹ dá ọjọ́ fún ara yín, bí oṣù mẹ́ta. Bí nǹkan kan ò bá yí padà, ẹ ti rí ìdáhùn gbà.

3. Èyí tí kò gba sùúrù

Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ìtọ́jú tí ẹ kò ṣe sínú fáìlì aláìsàn, tàbí kí ẹ ṣe iṣẹ́ tí láísẹ́ǹsì yín kò gbà, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. Bọ́rọ̀ bá dé iwájú NMCN, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì, láísẹ́ǹsì yín ni wọn yóò yẹ̀ wò, kì í ṣe ti onílé ìwòsàn. Bákan náà ni ibi tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò ti gún nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ní kó máa báṣẹ́ lọ. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe yá tó ló dára tó.

4. Ẹ yẹ ìwé yín wò

Ẹ ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́: ìgbà wo lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú? Ṣé ẹ tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ ó sin wọ́n fún iye ọdún kan? Òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ lè gba ìsinmi láìgbowó. Ipò tí èèyàn bá fi sílẹ̀ ṣòro gbà padà.

Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín bóyá wọ́n ń rí owó gbà lóòótọ́. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín ni tiyín, agbanisíṣẹ́ yóò san ìdá 10. Àkáǹtì náà á bá yín lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí kò ríṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè béèrè fún ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó inú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ òkè òkun lẹ̀ ń wò, ẹ rántí ìlànà tí NMCN gbé jáde ní February 2024, èyí tó mú kí àwọn nọ́ọ̀sì wọ́de l'Ábújá àti l'Ékòó. Ó ní kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì, ó sì béèrè lẹ́tà ìwà rere lọ́wọ́ olórí ibi iṣẹ́. Ẹ wo ohun tí àjọ náà ń béèrè lọ́wọ́lọ́wọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀gá tí ẹ bá bá jà lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò tọwọ́ bọ lẹ́tà yín lọ́la.

5. Bí ẹ bá ń lọ, bí ẹ bá ń dúró

Ẹni tó ń lọ: lẹ́tà ṣókí, láìsí èébú. Ẹ má fi ṣíìfù sílẹ̀ láàárín. Ẹ fa aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba ìwé pé ẹ kò jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ẹni tó ń dúró: ẹ kọ ìdí tí ẹ fi dúró sílẹ̀, bóyá ọdún méjì ti NMCN yẹn ni ẹ fẹ́ pé, bóyá owó iléèwé ọmọ ni. Lọ́jọ́ tí ìdí náà bá tán, ẹ tún ìpinnu yín gbé yẹ̀ wò.